Polidoro, Ọkùnrin Tí Kì Í Fọwọ́ Kan Ewé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni Polidoro, bàbá ọkọ mi, ẹ bi onítọ̀hún pé ọdún mélòó ló fi bá a gbé inú ilé kan náà. Èmi bá a gbé ọdún mọ́kànlá, ohun tí mo sì rí ni pé ẹ̀gàn ni baba náà fi ń lajú láàárọ̀. Kò tíì bọ́jú, á ti kẹ́gàn búrẹ́dì tí mo yan. Á kẹ́gàn wàràkàṣì, á kẹ́gàn kọfí, á yọ ṣùtì sí atẹ́gùn tó ń fẹ́ bọ̀ láti orí òkun bí ẹni pé èmi ni mo rán an níṣẹ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé rẹ̀. Lójú tirẹ̀, kí èèyàn tó bá ọ jà, ó ti kà ọ́ sí nǹkan kan nìyẹn, kò sì sí ẹni tó kà sí.

Iṣẹ́ oje ló gbé imú rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀. Oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni wọ́n ń ṣe é ní abúlé wa, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí alángbá pàápàá bá ti sá wọ abẹ́ òkúta, tí ewé ládánì, igbó kúkúrú tí oje wà lára rẹ̀, sì ń làágùn. Ọkùnrin á gbé pàṣán dání, igi gígùn kan tí wọ́n so ọjá awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ogójì mọ́ lórí, á máa fi na igbó náà lọ láti ìdí dé ìdí. Oje á lẹ̀ mọ́ awọ. Bó bá dé ilé, obìnrin á fi ọ̀bẹ fá a, á sì lọ̀ ọ́ pọ̀ di ìṣù kan tó dú bí ọ̀dà. Ìjọ ń ra díẹ̀ fún tùràrí, oníṣòwò tó ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá láti ìlú ńlá a sì kó ìyókù lọ fún àwọn tó ń ṣe òórùn dídùn. Polidoro bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ogun dé bá a lẹ́nu rẹ̀, ó kọjá lọ. Ìyàwó rẹ̀ kú, ó sin ín láàárọ̀, nígbà tó di ọ̀sán ó wà lórí òkè pẹ̀lú pàṣán. Àwọn kan ní ìbànújẹ́ ló gbé e débẹ̀. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n ní ọ̀sán náà móoru dáadáa, kò sì fẹ́ kó ṣòfò ni.

Oríṣi ládánì méjì ló wà lórí òkè wa, ọmọ ìyá kan náà sì ni wọ́n. Ọ̀kan ń yọ òdòdó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń rún bí aṣọ tí èèyàn sùn lé lórí. Òun ló ní oje, òun sì ni wọ́n ń na. Ìkejì ń yọ òdòdó funfun tí àárín rẹ̀ pọ́n bí ẹyin, òdòdó tó tẹ́jú, tó mọ́, tó rẹwà ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ bí ẹ bá bi mí. Kò ní oje rárá. Bí ẹ nà án láti àárọ̀ dalẹ́, kìkì irun ara ewé rẹ̀ ni yóò lẹ̀ mọ́ ọjá awọ, tí yóò sì ba èyí tó dára tó ti wà níbẹ̀ jẹ́. Polidoro kórìíra rẹ̀ bí ẹni kórìíra àna burúkú. Ó ní àlejò tó jókòó ti oúnjẹ, tó yó, tí kò lè fọ abọ́ ni.

Àgbègbè òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti gbé mi wá, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe wàràkàṣì, níbi tó jẹ́ pé ládánì funfun nìkan ló ń hù. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, tí Manuso ọkọ mi mú mi wọlé, tí gbogbo èèyàn mú ọtí ràkí sọ́wọ́, baba yìí wò mí látòkè délẹ̀, ó ní ọmọ òun lọ sórí òkè, ládánì funfun ló sì já wálé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Funfun ni wọ́n ń pè mí ní àdúgbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò pè mí ní nǹkan kan ju "ìwọ" tàbí "ìyàwó" lọ. Mo fẹ́ sọ fún un pé lọ́dọ̀ wa, ládánì funfun là ń fi dáná ààrò, òun ni ewúrẹ́ ń jẹ lóṣù tí kò sí koríko, ewé rẹ̀ ni ìyá mi ń sè fún ẹni tí inú ń run. Ṣùgbọ́n ta ló bi mí? Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìgbéyàwó, Manuso bá ọkọ̀ ojú omi lọ, ọdún méjì-méjì ló sì ń wálé. Ó ku èmi, ó ku baba.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí òdòdó bá wà lórí igi, ọmọ ọdún mẹ́ta lè mọ pupa yàtọ̀ sí funfun. Ṣùgbọ́n òdòdó ládánì kì í lò ju ọjọ́ kan lọ kó tó rẹ̀ dànù, nígbà tí oṣù kẹfà bá sì fi máa parí, kò sí ìkankan mọ́ lórí òkè. Ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti di igbó kúkúrú tó dé orúnkún, eruku ti bò wọ́n, wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì. Ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ìka méjì ra ewé. Bí ewé bá gùn díẹ̀, tí etí rẹ̀ ká kò, tí ìka sì lẹ̀ mọ́ra, pupa ni, kó nà án. Bó bá rí roboto, tó sì gbẹ, tó ń ha ọwọ́ bí ahọ́n ológbò, funfun ni, kó kọjá lọ. Ọ̀gá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá á máa rìn lọ ni, ojú rẹ̀ á ti mọ èyí tó kàn kí ẹsẹ̀ tó dé ibẹ̀. Kí ọkùnrin tó ti dàgbà nídìí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ewé, ìtìjú ńlá ni. Mo ti rí ọkùnrin tí wọ́n pè ní afọwọ́-kan-ewé nílé kọfí, tó fi ife rẹ̀ sílẹ̀ láìmu tán, tí kò sì padà síbẹ̀ fún oṣù kan.

Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ojú baba ti ń lọ, nítorí èmi ni mo ń fá awọ. Ìṣù tó ń mú wálé tẹ́lẹ̀ tóbi tó ìkúùkù. Ó wá di ẹyin adìyẹ, ó di èkùrọ́, irun ewé funfun sì kún inú rẹ̀. Ó ní awọ ni kò dára. Ó ní oòrùn ọdún yẹn kò mú. Ó ní ọwọ́ wàràkàṣì ni mo fi ń fá oje. Lọ́jọ́ kan, mo gbé ìgbín tí mo fi àlìkámà sè síwájú rẹ̀, ó ki ṣíbí bọ orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ó gbé òfìfo sẹ́nu, ó sì ní iyọ̀ kò tó. N ò ní purọ́ fún yín, mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Ọdún mẹ́sàn-án ẹ̀gàn ni mo fi rẹ́rìn-ín náà.

Nígbà tó yá, mo bá a sọ ọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fọwọ́ kan ewé kí ẹ tó nà án. Ta ló máa rí yín lórí òkè?"

"Èmi á rí ara mi," ló wí. Lẹ́yìn náà ló wá pòṣé. "Ẹ̀yin ará òkè lẹ máa ń fọwọ́ táràrà kiri, bí ẹni tó ń wá ọmú ewúrẹ́ nínú òkùnkùn. Lọ gbé omi kaná."

Mo gbé omi kaná. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ó gun apá òkè lọ, mo mú pàṣán àtijọ́ tí ọkọ mi fi sílẹ̀, mo gba ìsàlẹ̀ lọ sí àfonífojì tó wà ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ wa, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí mi. Obìnrin kì í na ládánì ní abúlé wa, fífá ni tiwa. Mo nà án. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ìdí igbó kọ̀ọ̀kan, mo fọwọ́ ra ewé, mo nà, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí bí ẹni pé wọ́n fi ọmọ odó lù ú. Oje tí mo ń rí kéré, ṣùgbọ́n ó mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ tirẹ̀, kí ìṣù ilé wa má baà dójú tì wá níwájú oníṣòwò. Kì í ṣe nítorí ìfẹ́. Owó tí ọkọ mi ń rí nínú ọkọ̀ ojú omi ń wá nígbà tó bá wù ú, ilẹ̀ oje náà ló ń bọ́ wa. Baba á sì jókòó nílé kọfí, á máa sọ fún gbogbo ayé pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin kan wà tó ṣì ń kó oje ju àwọn ọ̀dọ́ lọ. Oje mi ló ń fi ń ṣakọ.

Bó ṣe lọ fún ọdún méjì nìyẹn, títí Strati, ará abúlé wa kan, fi dá sí i. Strati yìí ní ọkọ̀ akẹ́rù, ó ní ikùn, ọjá rọ́bà ló sì so mọ́ pàṣán rẹ̀ dípò awọ. Àwọn alágbàṣe ló ń bá a na igbó, òun á jókòó sínú ọkọ̀ máa gbọ́ rédíò. Ìjọ ló ni ilẹ̀ oje, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni Mathio, alábòójútó ilẹ̀ ìjọ, sì ń kọ orúkọ àwọn tí yóò lò ó. Ọdún ìkọ̀wé dé. Strati fẹ́ ilẹ̀ wa nítorí ó súnmọ́ ojú ọ̀nà. Ó jókòó nílé kọfí, ó ní Polidoro ti fọ́jú, ó ní lánàá ni baba náà kí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ òun pé ẹ kú ọ̀sán, tó sì tún béèrè ará ilé rẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní í ṣe lákáǹlàkà tọ alábẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n baba tèmi kì í tọ ẹnikẹ́ni lọ. Ó dáhùn níbẹ̀, níwájú gbogbo wọn, pé òun kí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nítorí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà ló lọ́gbọ́n jù nínú ilé Strati. Ó ní kí Strati àti Mathio wá sórí òkè lọ́jọ́ kejì àjọ̀dún Wòlíì Èlíjà, ní ọ̀sán, kí wọ́n jókòó, kí òun fi wákàtí kan na igbó lójú wọn. Ohun tí wọ́n bá fá lára awọ ni kí Mathio fi kọ ìwé. Wọ́n fi ràkí dè é. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo tún bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Ó ń fi ìyarun ya irùngbọ̀n rẹ̀, ó ti wọ bàtà gígùn rẹ̀, ó ti wé aṣọ dúdú mọ́rí bí ọkọ ìyàwó. Mo ní bí kò bá fọwọ́ kan ewé, ilẹ̀ yóò bọ́, a ó sì máa jẹ ìgbín, oúnjẹ tálákà, láti ọdún dé ọdún. Ó ní òun ti mọ iye ẹsẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ọgbà dé ibi tí pupa pọ̀ sí, kí n má da òun láàmú. Mo mú ìṣù oje kan tí mo ti kó jọ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo tì í bọ àpò aṣọ ìgbàsídìí mi. Mo kórìíra baba, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gàn tí mo ní fún Strati ju ìkórìíra náà lọ. Ó kéré tán, baba mọ iṣẹ́.

Àwọn méjèèjì jókòó sábẹ́ igi kárúbù, wọ́n ń jẹ ọ̀pọ̀tọ́. Oòrùn dúró gangan lórí wa, òórùn ládánì pupa sì bo gbogbo òkè débi pé kò sí imú tó lè sọ ibi tó ti ń wá. Baba gbé pàṣán, ó ka ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ọgbà. Bóyá ó ṣì í kà ni o, bóyá ẹsẹ̀ àgbà ló kúrú ju ti àná lọ, n ò mọ̀. Èyí tí mo mọ̀ ni pé nígbà tó dúró, tó gbé ọwọ́ sókè, àárín ládánì funfun ló wà. Mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Ní oṣù kẹrin, ibẹ̀ funfun bí aṣọ tí wọ́n sá.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Ọlọ́run ló mọ̀, n ò rí ẹni tó na igbó dára bẹ́ẹ̀ rí. Apá rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ìbàdí rẹ̀ ń yí díẹ̀, ọjá awọ ń balẹ̀ lórí ewé láìfọ́ ẹ̀ka kan. Igbó kan, òmíràn, òmíràn, funfun ni gbogbo wọn. Mo yíjú wo àwọn onídàájọ́. Mathio ń mi orí, ó ń sọ pé ọwọ́ baba ṣì wà níbẹ̀. Strati ti fajú ro. Ìgbà náà ló yé mi pé kò sí èyí tó mọ̀ nínú wọn. Ẹni tó ń pín ilẹ̀ oje àti ẹni tó fẹ́ gbà á, àwọn méjèèjì jókòó, ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere, wọ́n ń wo ọkùnrin tó ń na asán fún odindi wákàtí kan, wọn ò mọ funfun yàtọ̀ sí pupa. Ó ṣe mí bíi kí n tutọ́.

Wákàtí pé. Mo pe baba, ó rìn wá síbi tó ti gbóhùn mi, ó na pàṣán sí mi. Mo kẹ́yìn sí wọn, mo kúnlẹ̀ ti òkúta, mo fi ọ̀bẹ fá awọ. Irun ewé nìkan ló bọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ ẹ dànù. Mo yọ ìṣù tó wà nínú àpò mi, ooru ara mi ti mú kó rọ̀, mo gbé e sórí òkúta, mo sì sún kúrò lọ́nà.

Mathio gbé e sọ́wọ́, ó wò ó, ó ní oje gidi nìyí, ó yọ pẹ́ńsùlù. Strati ju ọ̀pọ̀tọ́ ọwọ́ rẹ̀ nù. Mo rò pé ó ti parí.

Baba ní kí wọ́n gbé e fún òun. Ó gbà á, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó yí i, ó gbé e sí imú.

"Èyí kì í ṣe tèmi," ló wí.

Mathio ní, "Bàbá Polidoro, lójú wa náà ni ẹ ti nà án."

"Ojú yín? Ojú yín dà? Funfun ni mo ń nà láti ẹ̀ẹ̀kan. Igbó kejì ni pàṣán ti sọ fún mi, kò wúwo, kò fà. Kí ni kí n wá ṣe, kí n dúró kí ẹ máa wò mí?" Ó tún gbé oje náà sí imú. "Ìyàwó ọmọ mi ló na èyí. Ó fọwọ́ kan gbogbo ewé rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan kó tó nà án, òórùn ìka ló kún inú ẹ̀. Ọdún méjì ni mo ti ń gbọ́ òórùn yìí nínú ìṣù mi, mo ń tà á, mo ń mu kọfí sí i lórí. Ó tó gẹ́ẹ́."

Ọdún méjì. Baba yìí ti mọ̀ fún odindi ọdún méjì, ó jókòó sídìí tábìlì mi, ó ń kẹ́gàn búrẹ́dì.

Strati wá rí ẹnu rẹ̀. Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ti di ti òun nìyẹn, pé kò sí obìnrin tó ń na ládánì.

Baba kọjú sí ibi tí ohùn náà ti wá. "Strati, igbó wo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ yẹn? Pupa ni àbí funfun?"

Strati wo ilẹ̀. Ó wo Mathio. Ó wo igbó náà títí, kò sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí kò jẹ́ kí wọ́n rí òun tó ń fọwọ́ kan ewé.

"Pupa," ló wí nígbẹ̀yìn.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo já ewé kan, mo fi ìka méjì rà á, mo sì na ọwọ́ náà sí Mathio. Ìka mi gbẹ. Ewé náà ha bí ahọ́n ológbò.

Mathio jẹ ìdí pẹ́ńsùlù rẹ̀. Ó ní àlùfáà máa sọ̀rọ̀. Baba ní kí àlùfáà wá sórí òkè lọ́sàn-án wá sọ ọ́. Mathio ṣí ìwé, ó wá dúró, ó bi mí pé orúkọ wo ni kí òun kọ, pé Funfun nìkan lòun mọ̀ mí sí. Mo fẹ́ dáhùn, baba ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

"Argini," ló wí, bí ẹni tó ń bínú. "Argini, ọmọ Sinodi olùṣọ́ ewúrẹ́. Kọ ọ́ dáadáa. Oje rẹ̀ kò mọ́ tó tèmi, kò sì yára, ṣùgbọ́n oje ni."

Wọ́n lọ. Strati wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbàmù. Ó ku àwa méjèèjì lórí òkè, ọ̀nà ilé sì jẹ́ òkúta àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí dé ìsàlẹ̀. Mo na ọwọ́ sí baba, mo fi ìka kan án ní apá kó lè mọ ibi tí mo wà. Ó gbọn ọwọ́ mi dànù. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó ń fi bàtà wá ilẹ̀, kò rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé. Ó wá gbé pàṣán sókè, ó na ìdí igi náà sí mi, ó di apá ibi tí awọ wà mú.

Mo dì í mú, mo ṣíwájú. A ò tíì rìn tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá tó fi ní kí n rọra, pé mò ń sáré bí ewúrẹ́ ilé bàbá mi. Ẹkún ń bọ́ lójú mi, inú sì ń bí mi pé nítorí rẹ̀ ni mò ń sunkún, ṣùgbọ́n kò rí i.